Bàbá Tó Ń Sá Ìwé Sóòrùn

Nígbà tí a ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ Bàbá àgbà wa ní Ọ̀yọ́, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sọ ohun tí wọ́n rántí nípa rẹ̀. Èmi kò dìde. Oṣù díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà ni mo sin ìyàwó mi, mi ò sì ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu. Wọ́n fi mí sílẹ̀. Nísinsìnyí tí ilé ti dákẹ́, tí àwọn ọmọ ti padà síbi iṣẹ́ wọn, ni mo jókòó láti kọ ohun tó yẹ kí n ti sọ lọ́jọ́ náà. Kí ẹni tó ń kà á má retí ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn kan wà nínú ẹbí tó mọ ìyẹn jù mí lọ. Ohun tí èmi mọ̀ ni bó ṣe ń rìn nínú yàrá rẹ̀, ohun tó ń bí i nínú, àti ẹrù kan tó gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó sì rí i sọ̀ kalẹ̀ kó tó lọ. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí inú mi bàjẹ́ púpọ̀ nígbà tí mo bá rántí rẹ̀. Ńṣe ni ara máa ń tù mí.

Ẹrù náà kò wúwo lọ́wọ́. Àpò awọ kan ni. Inú rẹ̀ ni ìwé àfọwọ́kọ tí bàbá bàbá rẹ̀ kọ wà: odindi Kùránì kan, àti àwọn ìwé àdúrà àti wáàsí tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ, àmọ́ tí èdè Yorùbá pọ̀ nínú wọn. Wọn kò dì wọ́n pọ̀ bí ìwé òde òní. Ewé tákàdá kọ̀ọ̀kan dá dúró lọ́tọ̀; ẹni tó bá fẹ́ kà á yóò gbé e jáde, yóò sì tún tò ó padà sáàyè rẹ̀. Bàbá bàbá rẹ̀ yìí ló dá ilé kéú sílẹ̀ ní agboolé wa, tí kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán. Nígbà tí àpò náà fi kan Bàbá àgbà, tákàdá inú rẹ̀ ti pọ́n. Nígbà tí òun náà fi darúgbó, wọ́n ti ń rún lọ́wọ́ bí ewé gbígbẹ.

Nínú ẹ̀sìn wa, orúkọ Ọlọ́run kò gbọdọ̀ bọ́ sílẹ̀ kí ènìyàn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìwé tó bá ti gbó kọjá kíkà, ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ń sin ín sí. Ohun kan ṣoṣo ló ń dẹ́rù ba Bàbá àgbà láyé: kí òun kú, kí àpò náà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò ní kà á sí, kí iṣẹ́ ọwọ́ bàbá bàbá òun sì máa rún lábẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn.

Alfa Sànúsí ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹni tó bá fẹ́ wọ yàrá rẹ̀ yóò bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, yóò sì fara ti ògiri rìn títí yóò fi dé ibi tó máa jókòó. Ẹnikẹ́ni kì í gba àárín yàrá kọjá. Ibẹ̀ ló máa ń tú ìwé sí, ó sì gbà pé bó ti wù kí òun ṣọ́ra tó, èérún kan á bọ́ sílẹ̀. Kò jẹ́ kí ìgbálẹ̀ wọ ibẹ̀. Aṣọ funfun kan ló fi ń gbá èérún náà jọ. Yóò kúnlẹ̀, yóò dorí kodò, yóò máa wá wọn kiri bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó bá rí, yóò dà á sínú abọ́ táńganran kan tó ní ìdérí.

Lámídì, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, tó jẹ́ àbúrò bàbá mi, ló máa ń gbàgbé òfin náà. Iṣẹ́ awọ ni Lámídì ń ṣe, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ bá dùn, kì í rí nǹkan kan mọ́. Lọ́jọ́ kan ó sáré wọlé, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó dúró sáàárín yàrá gan-an.

“Bàbá, ẹ kú ewu o! Ìyàwó mi ti bí! Ọkùnrin ni!”

Bàbá kò wo ojú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò.

“Lámídì, orúkọ Ọlọ́run lo dúró lé, o sì ń kí mi kú ewu. Lọ bọ́ bàtà, kó o tó wá sọ irú ọmọ tó jẹ́.”

Lọ́dọọdún, tí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, Bàbá máa ń sá àwọn ìwé náà sóòrùn. Ọjọ́ ńlá ni lágboolé wa nígbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n á tẹ́ ẹní tuntun sí àgbàlá. Wọ́n á so gbogbo ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Àwa ọmọdé á fọ òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ tónítóní, a ó ṣe àlùwàlá, a ó sì jókòó yí ẹní ká, ti oníkálùkù pẹ̀lú ewé tákàdá tí wọ́n fi síkàáwọ́ rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ gbé tìrẹ, etí ni wàá fi òkúta tẹ̀, o kò gbọdọ̀ gbé e lé àárín, nítorí àárín ni ọ̀rọ̀ wà. Bàbá á máa rìn káàkiri, á máa yí wọn padà kí oòrùn lè kan ẹ̀yìn wọn náà. Inú rẹ̀ kì í dùn lọ́jọ́ Iléyá bó ṣe máa ń dùn lọ́jọ́ yẹn.

Ó dá a lójú pé oòrùn ni kò jẹ́ kí ikán rí wọn jẹ. Ọwọ́ bàbá tirẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Àwọn agboolé mìíràn tó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í tú tiwọn síta. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń gbé e kọ́ sí títí ayé, Bàbá sì máa ń pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Tí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí a bá ti kó gbogbo rẹ̀ padà sínú àpò, yóò pè wá jọ, yóò sì sọ gbólóhùn kan náà tó sọ lọ́dún tó kọjá: “Bí mo bá kú, ẹ má fi oòrùn dù wọ́n.”

Ìbínú rẹ̀ máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n kì í pariwo. Mo mọ èyí dáadáa, torí mo wà nínú ọ̀kan nínú àwọn ìbínú náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìjọba gbé mi lọ láti lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní jọ́gíráfì, ibẹ̀ sì ni mo ti rí Débórà. Nọ́ọ̀sì ni, ọmọ díákónì ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Nígbà tí mo sọ fún Bàbá pé òun ni mo fẹ́ fẹ́, kò lé mi jáde, kò sì ṣépè. Kò kàn wá síbi ìgbéyàwó ni. Láti ìgbà yẹn, kò pe ìyàwó mi lórúkọ. “Ìyàwó Ògbómọ̀ṣọ́” ló ń pè é, bí ẹni pé gbogbo ìlú náà ni mo gbé níyàwó.

Débórà kò bẹ̀rù rẹ̀. Nígbàkigbà tí a bá ń lọ sí Ọ̀yọ́, yóò ra wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní ní Sábó, nítorí ó ti ṣàkíyèsí pé Bàbá fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó gbé abọ́ wàrà síwájú rẹ̀. Bàbá jẹ ẹ́ tán pátápátá, ó nu ọwọ́, ó wá béèrè pé,

“Ta ló ṣe é?”

“Àwọn Fúlàní ni, Bàbá.”

“Mo mọ̀. Adùn rẹ̀ kì í ṣe tọwọ́ Onítẹ̀bọmi.”

“Ẹ kú ọgbọ́n, Bàbá. Abọ́ ti ṣófo kẹ́ ẹ tó wádìí.”

Mo wolẹ̀. Mo rò pé ó ti parí. Bàbá na abọ́ náà sí i, ojú rẹ̀ kò yí padà. Ó ní, “Tí ẹ bá ń bọ̀ nígbà mìíràn, kó pọ̀ ju báyìí lọ.”

Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni Lámídì pè mí lórí fóònù pé Bàbá ti ń wá ilẹ̀. Ó ní kí òun bá a wo ibi tó mọ́ lẹ́bàá mọ́sálásí agboolé. Mo rò pé ibojì ara rẹ̀ ló ń wá.

“Rárá o,” ni Lámídì wí. “Ti ìwé ni. Ó ní òun kò lè gbé wọn jáde mọ́ kí wọ́n má rún. Ó ní kí òun tó lọ, kí wọ́n ti lọ.”

Mo wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ kejì. Mo bá a lórí ẹní, àpò awọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fara ti ògiri rìn lọ bá a, mo sì kúnlẹ̀. Mo ti kọ́ ohun tí màá sọ láti inú ọkọ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò wọn ná. Mo mọ ọkùnrin kan ní yunifásítì tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí a bá ti yà á tán, ohun tó bá wù yín lẹ lè ṣe.”

“Fọ́tò? Òkú lẹ máa ń yà ní fọ́tò kẹ́ ẹ tó sin ín.”

“Kí ọ̀rọ̀ inú wọn má bàa parẹ́ ni, Bàbá.”

“Níbo ni fọ́tò ọ̀hún máa wà?”

“Nínú kọ̀ǹpútà. Màá sì kó díẹ̀ sínú fóònù mi.”

“Fóònù tó wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ yẹn?”

“Òun ni, Bàbá.”

“Ṣé kì í bá ọ wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀?”

Lámídì, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ kó má bàa rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní, “Fóònù rẹ kò mọ àlùwàlá, Ráúfù. Wá ibòmíràn fún wọn.”

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni mo mọ̀ pé ó ti gbà. Àmọ́ ó gbé òfin kalẹ̀. Fọ́tò wọn kò gbọdọ̀ wọ inú fóònù ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá ṣe àlùwàlá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Wọn kò sì gbọdọ̀ ṣí ewé kankan lẹ́yìn òun. Ojú òun ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe.

Iná ìjọba kì í dúró lágboolé wa, yàrá ibẹ̀ sì ṣókùnkùn. Nítorí náà ni a ṣe pinnu pé ilé mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni a ó ti ṣe iṣẹ́ náà. Bàbá kò tíì sùn nílé mi rí. Ó ní kí n fọ mọ́tò kí òun tó wọ̀ ọ́, inú àti òde. Ó gbé àpò náà lé itan láti Ọ̀yọ́ títí a fi dé, kò jẹ́ kí n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, nígbàkigbà tí mo bá sì já sínú kòtò, yóò gbé e sókè lórí itan rẹ̀ bí ìyá tó gbé ọmọ tó ń sùn. Abọ́ táńganran náà tẹ̀ lé wa. Lámídì ló gbé e, lórí ìjókòó ẹ̀yìn.

Ilé wa kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ẹgbẹ́ akọrin sì máa ń kọ́ orin lọ́sàn-án Sátidé. Ẹ̀rù ń bà mí pé Bàbá máa fi ìyẹn bínú lọ. Ó jókòó sí fáránńdà pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ó ń gbọ́ wọn. Nígbà tó yá, ó pe ìyàwó mi.

“Obìnrin olóhùn tín-ín-rín yẹn ń sá ṣáájú àwọn tó kù. Bá mi sọ fún un kó dúró dè wọ́n.”

“Bàbá, ìyàwó pásítọ̀ wa ni o.”

“Kí ló kàn mí níbẹ̀? Kó dúró dè wọ́n.”

Kúnlé ni orúkọ ọkùnrin tó wá láti yunifásítì. Ó gbé kámẹ́rà kọ́ orí irin kan tó dojú kọ tábìlì, ó tan iná méjì tí kì í gbóná, ó sì tẹ́ aṣọ dúdú. Ìṣòro tó kọ́kọ́ bá wa ni pé kò sẹ́ni tó lè gbé ewé tákàdá náà láti inú àpò dórí tábìlì. Ọwọ́ Kúnlé ń làágùn. Ọwọ́ tèmi ń gbọ̀n láti ìgbà tí mo ti ṣàìsàn kan. Lámídì gbìyànjú, igun kan sì já lójú gbogbo wa. Bàbá fi aṣọ funfun rẹ̀ ṣà á sínú abọ́. Kò bá Lámídì wí, ìyẹn sì burú ju kó bá a wí lọ.

Gbogbo wa mọ ẹni tó lè ṣe é. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ tí oṣù wọn kò pé ni Débórà ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì jálẹ̀ gbogbo ọdún iṣẹ́ rẹ̀. Mo ti rí i tó ń gbé ọmọ tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ, tí ọmọ náà kò sì jí. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò dá sí i. Ó mọ òfin, èmi náà mọ òfin, Kùránì ló sì wà lórí tábìlì.

Bàbá gbójú sókè wo ìyàwó mi. Lẹ́yìn náà ó ní kí Lámídì bá òun wá esùsú méjì àti ọ̀bẹ. Irú esùsú bẹ́ẹ̀ ló fi ń gbẹ́ kálámù fún àwọn ọmọ kéú, ó sì ti gbẹ́ àìmọye láyé rẹ̀. Àmọ́ kò gbẹ́ àwọn wọ̀nyí bíi kálámù. Ó là wọ́n, ó fá wọn títí wọ́n fi pẹlẹbẹ, tí wọ́n sì fẹ́lẹ́ bí ewé, ó fi wọ́n ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ láti mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń họ ni lára. Ó wá nà wọ́n sí ìyàwó mi.

“Ìyàwó, wá. Esùsú ni yóò fara kàn án, kì í ṣe ìwọ.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè é ní ìyàwó láìfi orúkọ ìlú kún un.

Láti ọjọ́ náà, Débórà ló ń fi esùsú méjèèjì gbé ewé kọ̀ọ̀kan. Á ti ọ̀kan bọ abẹ́ rẹ̀ láti apá ọ̀tún, á ti èkejì bọ̀ ọ́ láti òsì, á dá èémí dúró, á sì gbé e. Bàbá á wí pé “Bísímílàhi.” Kúnlé á tẹ kámẹ́rà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni a kì í ṣiṣẹ́; mo máa ń gbé Bàbá lọ kírun ní Sábó.

Ọ̀rọ̀ oòrùn wá jáde nínú ìtàkùrọ̀sọ lásán. Kúnlé béèrè lọ́wọ́ Bàbá bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwọn ìwé náà látẹ̀yìn wá. Inú Bàbá dùn sí ìbéèrè náà. Ó sọ nípa ẹní tuntun, òkúta wẹ́wẹ́, àwa ọmọdé tó jókòó yíká, bí òun kò ṣe fo ọdún kankan rí. Mo rí i tí ojú Kúnlé ń yí padà. Ó wò mí, ó sì wo ilẹ̀.

“Kí ni?” ni Bàbá wí.

“Kò sí, Bàbá.”

“Ọmọ yìí, mo jù ọ́ lọ. Sọ ọ́.”

“Bàbá, ẹ má bínú. Oòrùn yẹn ló gbẹ wọ́n. Òun àti ọyẹ́. Ọ̀pọ̀ ìwé tó dàgbà tó tiyín, tó jẹ́ pé inú àpò ni wọ́n wà, tí wọn kò tú síta, kò rún tó báyìí.”

Bàbá dìde. Ó jáde lọ sí fáránńdà, ó jókòó, kò sì gbé tẹ̀sùbáà. Mo fẹ́ tẹ̀ lé e, Débórà dì mí lápá mú. Òun ló lọ jókòó tì í. Láti ojú fèrèsé ni mo ti gbọ́ wọn.

“Èmi ni mo pa wọ́n,” ni Bàbá wí. “Àwọn ọ̀lẹ tí mo ń bú, ìwé tiwọn ṣì le.”

“Bàbá, àwọn tí kì í tú tiwọn, ṣé wọ́n mọ ohun tó wà nínú rẹ̀?”

Bàbá ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

“Ẹ̀yin mọ̀. Ẹ mọ ewé kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ ọmọ. Tí Kúnlé bá ṣi ọ̀kan tò, ẹ̀yin lẹ ń sọ fún un.”

Bàbá wí pé, “Ọwọ́ mi náà ni wọ́n ti gbẹ, Débórà.” Ó pe orúkọ rẹ̀. Mi ò rò pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òun pè é.

Kò jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, ó ṣì jókòó sórí àga rẹ̀, ó ṣì ń wí “Bísímílàhi,” ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò dún mọ́. Kúnlé, tí ohun tó sọ ti ń dùn ún, wá nǹkan tó máa fi tù ú nínú. Ó yí kọ̀ǹpútà sí i, ó sì mú kí ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò náà tóbi. Ó ti pẹ́ tí ojú Bàbá kò ti rí ìwé náà kà mọ́. Ohun tó ń kà tẹ́lẹ̀, orí ló ti ń kà á. Báyìí, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tóbi tó àtàǹpàkò. Ó sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka iṣẹ́ ọwọ́ bàbá bàbá rẹ̀, ó rọra ń kà á, títí ó fi dé ibì kan tó dúró. Ó padà sẹ́yìn. Ó tún kà á. Ó bú sẹ́rìn-ín.

“Lámídì! Wá wò ó! Bàbá náà tòògbé níbí!”

Ìlà kan náà ni bàbá bàbá rẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti wá fi tàdáwà pupa fa ìlà tín-ín-rín kọjá lórí èkejì, tó fi jẹ́ pé ojú arúgbó kò lè rí i lórí tákàdá tó ti pọ́n. Gbogbo ayé Bàbá ni wọ́n ti ń sọ fún un pé ọwọ́ ọkùnrin náà kì í ṣìṣe. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń wí fún Débórà pé, “Ó tòògbé, ó jí, ó fa ìlà sí i, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Kò jù ú nù.” Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ padà. Ó jókòó dáadáa lórí àga, ó sì ní, “Ó yá, ẹ jẹ́ ká yára. Àwọn tó kù ń dúró.”

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo rántí kéré, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó sọnù. Nígbà tí Kúnlé ń tún àwọn fọ́tò náà ṣe lórí kọ̀ǹpútà, ó ń gé etí wọn kúrò, torí orí esùsú àti èékánná ìyàwó mi hàn níbẹ̀. Bàbá béèrè ohun tó ń gé. Kúnlé ṣàlàyé pé kò sí lára ìwé. Bàbá ní kó dá a padà. “Ẹni tó bá ń kà á,” ó wí, “jẹ́ kó rí ẹni tó bá a ṣí i.” Bí wọ́n ṣe wà títí di òní nìyẹn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àìsàn mú Débórà lọ. Mi ò ní kọ púpọ̀ nípa ìyẹn níbí. Bàbá kò lè rìn dáadáa mọ́ nígbà náà, mo sì ti sọ fún Lámídì pé kó má yọ ọ́ lẹ́nu. Ní ọjọ́ ìsìnkú, bí wọ́n ṣe ń kọrin àkọ́kọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo wẹ̀yìn, mo rí i tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ìkẹyìn pẹ̀lú láwàní rẹ̀, Lámídì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ, tó ń fẹ́ yẹ́ ẹ sí, lọ bá a pé kó bọ́ síwájú níbi tí àwọn ẹbí wà. Ó bi í pé, “Bàbá, ṣé ẹbí ọkọ ni yín?”

Bàbá ní, “Èmi àti òun la jọ ṣiṣẹ́. Mo wá sin ín.”

Ohun tó kẹ́yìn tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀ ṣáájú ikú Débórà, lọ́sẹ̀ tí a parí yíya fọ́tò. Mo fi í sẹ́yìn torí òun ni mo máa ń padà sí. Kúnlé ti ń bẹ Bàbá pé kó jẹ́ kí àwọn ìwé náà wà ní ilé ìkàwé yunifásítì. Lámídì àti àwọn àgbà agboolé ń sọ pé Bàbá ti ṣèlérí láti sin wọ́n, kí wọ́n sin gbogbo rẹ̀. Wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìjà lórí rẹ̀. Bàbá jókòó sórí ẹní ní Ọ̀yọ́, ó ní kí ìyàwó mi jókòó kọjú sóun. Ewé kọ̀ọ̀kan, ó ní kó gbé e. Èyí tó bá ṣì gbé ara rẹ̀ dúró lórí esùsú, Bàbá á ní, “Eléyìí ń lọ pẹ̀lú Kúnlé.” Èyí tó bá ti ń tú lójú afẹ́fẹ́, á ní, “Eléyìí fẹ́ sinmi.” Bí wọ́n ṣe pín gbogbo rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó tún rí àyè bá a jiyàn.

A di àwọn tó fẹ́ sinmi sínú aṣọ funfun tuntun, a da gbogbo èérún inú abọ́ lé wọn lórí. Lẹ́yìn ògiri mọ́sálásí, níbi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kì í dé, ni Lámídì ti gbẹ́ ilẹ̀. Bàbá ṣe àdúrà. Nígbà tí wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ bò ó tán, Lámídì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n.

“Bàbá, tí kọ̀ǹpútà yẹn bá wá bàjẹ́ ńkọ́?”

“Kí ẹ tún un ṣe.”

“Tí kò bá ṣeé tún ṣe?”

“Lámídì, ẹ̀yin lẹ máa rò ó. Tèmi ti tán.”

Ó fi ọwọ́ lé mi léjìká, a jọ rọra rìn padà sínú ilé. Kò jókòó sórí ẹní. Ó dùbúlẹ̀. A rò pé ó kàn fẹ́ na ẹ̀yìn ni. Ní ọ̀sán yẹn, wọ́n pe ìrun Àlàásárì, Bàbá kò jáde. Ẹ̀rù bà wá. Alfa Sànúsí ló ń jí gbogbo agboolé sírun láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Kò sẹ́ni tó jí i rí. Lámídì wọlé, èmi tẹ̀ lé e, a bá a tó ń hanrun, ẹnu rẹ̀ là, ọwọ́ rẹ̀ nà sílẹ̀ lófìfo. Lámídì fọwọ́ kàn án.

“Bàbá. Bàbá, wọ́n ti pe ìrun.”

Ó la ojú kan. Ó wo Lámídì, ó wò mí, ó tún pa ojú náà dé.

“Mo gbọ́,” ó wí. “Ẹ jẹ́ kí n sùn díẹ̀ sí i.”